Bàtà Tí Wọ́n Pè Ní Àjèjì

Ọkùnrin mẹ́ta àti obìnrin kan ni bàbá oníbàtà kan fi sáyé lọ, ṣùgbọ́n obìnrin yẹn nìkan ló jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin ní òórùn gọ́ọ̀mù ń fọ́ àwọn lórí. Ní ti òun, láti kékeré ló ti máa ń fìdí mọ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àga bàbá rẹ̀, tí á máa na awọ, tí á máa fi ìda pa òwú, títí bàbá fi rí i pé kò sóhun tóun lè ṣe mọ́ ju kóun kọ́ ọ lọ. Àwọn aládùúgbò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ta ló máa fẹ́ obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹnì kan fẹ́ ẹ, ó sì fẹ́ ẹ tọkàntọkàn. Nígbà tí ọkọ náà kú lójijì, ọwọ́ dúdú yẹn ló fi tọ́ ọmọ méjì títí wọ́n fi kàwé yege, tí wọ́n sì bá ti wọn lọ.

Ìyá Oníbàtà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Yàrá tó ń lò fún iṣẹ́ kò fẹ̀ púpọ̀. Fèrèsé kan ló ní, ó kọjú sí títì, abẹ́ fèrèsé yẹn sì ni tábìlì rẹ̀ wà kí ìmọ́lẹ̀ lè máa tàn sí ojú abẹ́rẹ́. Lórí pẹpẹ, àwọn igi tí wọ́n gbẹ́ bí ẹsẹ̀ tò lọ rẹrẹẹrẹ, láti orí ti ọmọ ọdún mẹ́rin dé orí ti géńdé. Awọ dúdú ká jọ sí igun kan bí ẹní. Obìnrin méjì ló ń bá a ṣiṣẹ́, ọ̀kan ń gé, ọ̀kan ń rán. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń lẹ sóòlù mọ́ bàtà, á sì tún rán an yí ká, nítorí ó ní ibẹ̀ ni bàtà ti ń di òótọ́ tàbí irọ́.

Bàtà ilé-ìwé ló yàn láàyò. Ó máa ń sọ pé ọmọdé ni ọ̀gá tó le jù lọ fún oníbàtà: kò ní bú ẹ, kò ní yìn ẹ́, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ rẹ kò bá dára, á ti gbá bọ́ọ̀lù tú u kí oṣù tó parí.

Ibi tó ń gbé kò ju ìrìn wákàtí méjì lọ sí ẹnubodè tí wọ́n fi pààlà pẹ̀lú orílẹ̀-èdè kejì. Ní òdìkejì yẹn, obìnrin kan wà tó ń ta aṣọ ilé-ìwé, Ìyá Aláṣọ la ó máa pè é. Ó rí bàtà Ìyá Oníbàtà lẹ́sẹ̀ ọmọ àlejò kan, ó bọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ọmọ náà, ó yí i sọ́tùn-ún yí i sósì, ó sì béèrè ẹni tó ṣe é. Bí àwọn obìnrin méjèèjì ṣe di oníbàárà ara wọn nìyẹn. Èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, ohùn nìkan ló yàtọ̀ díẹ̀.

Ẹnubodè ló ń dá wàhálà sílẹ̀ láàárín wọn. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ọjà kọjá ní ojú títì, ohun tó bá bọ́ sí aṣọ́bodè lẹ́nu lọ́jọ́ yẹn lá san. Ẹni tí kò bá fẹ́ san, á gba ẹ̀bùrú pẹ̀lú àwọn onífàyàwọ́. Ìyá Oníbàtà gbìyànjú ẹ̀bùrú náà lẹ́ẹ̀kan péré. Ọ̀sán gangan ni. Wọ́n dé ibi àbàtà kan, wọ́n sì gbọ́ ìró ọkọ̀. Ẹni tó ru àpò bàtà sọ ọ́ sínú omi, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ìyá Oníbàtà náà sá, obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó sá títí ẹsẹ̀ fi kọ́ ọ, ó sì ṣubú sínú koríko. Ibi tó dùbúlẹ̀ sí ló ti bi ara rẹ̀ léèrè pé kí lòun jí gan-an. Bàtà tóun fọwọ́ ara òun ṣe ni. Ẹnikẹ́ni kò wá a débẹ̀. Ọkọ̀ ẹni tó ń kó igi ni, ó kọjá lọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtìjú ọjọ́ náà kò kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ó pinnu pé bí bàtà òun kò bá lè gba ojú títì kọjá bí ọmọlúàbí, kó jókòó sílé.

Ọdún kejì ló gbọ́ ọ lórí rédíò. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sọ pé orílẹ̀-èdè márùn-ún tó bá ara wọn pààlà ti tọwọ́ bọ̀wé tipẹ́, pé ọjà kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń ná báyìí. Ohun tí wọ́n bá ṣe nínú ọ̀kan, kò gbọdọ̀ san owó ẹnubodè nínú mẹ́rin yòókù. Ìyá Oníbàtà gbé òòlù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àbúrò rẹ̀, ọkùnrin tó ń wakọ̀ akẹ́rù, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òun ní kó má da ara rẹ̀ láàmú, ọ̀rọ̀ orí rédíò ni, orí rédíò náà ló ń gbé.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà kan ò wọjà," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká máa gba èyí tá a mọ̀."

"Òótọ́ ni pé ọ̀nà kan ò wọjà," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá a lóhùn. "Èyí tí wọ́n la fún mi ni mo fẹ́ gbà."

Ọ́fíìsì ètò òwò wà ní àjà kejì ilé gogoro kan ní àárín ìlú. Ìgbà àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀, wọ́n ní ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ wà lẹ́nu ìsinmi. Ìgbà kejì, wọ́n ní kó padà wá. Ìgbà kẹta, ó kó iṣẹ́ rẹ̀ dání. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ṣí agolo gọ́ọ̀mù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ bàtà. Kò pẹ́ tí òórùn náà fi wọ inú yàrá gbogbo, ó sì lé akọ̀wé kan jáde tòun ti imú tó fọwọ́ dì. Akọ̀wé náà ò mọ̀ bóyá kóun bínú ni àbí kóun rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Màmá máa bọ̀ nínú ilé.

Inú dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ ni fọ́ọ̀mù náà wà, ọ̀rá tí wọ́n fi dì í láti ibi ìtẹ̀wé kò tíì já. Ojú ti akọ̀wé díẹ̀. Ó ní òótọ́ ni Màmá gbọ́, òfin náà ti pé ọdún mẹ́rin, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tíì wá béèrè rẹ̀ ní àdúgbò yìí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ó sì ṣe é dáadáa, nítorí ó hàn pé ó ti pẹ́ tó ti ń wá ẹni tó máa ṣàlàyé rẹ̀ fún. Ó ní àwọn márààrún kò fẹ́ kí ẹnì kan lọ ra bàtà láti òkè òkun, kó gé orúkọ rẹ̀ dànù, kó wá máa pariwo pé òun ló ṣe é. Ìdí rèé tí oníṣẹ́ ọwọ́ fi gbọ́dọ̀ fi hàn pé iṣẹ́ òun ni lóòótọ́.

"Bí apá kan lára ohun èlò bá wá láti òkè òkun ńkọ́?" Ìyá Oníbàtà bi í. "Sóòlù mi, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e wá. A ò ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe é."

"Kò burú, Màmá, bí kò bá ti ju ìdajì lọ. Ohun èlò tó bá sì wá láti ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni nínú àwa márùn-ún, bí ẹni pé ilé yín ló ti wá ni òfin kà á sí."

Ìyá Oníbàtà ní kó tún un sọ. Akọ̀wé tún un sọ. Ó tún ní kó fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí han òun, ó sì fi ìka dúdú rẹ̀ tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, akọ̀wé wá sí yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ó wo bí wọ́n ṣe ń gé, bí wọ́n ṣe ń rán, ó ka ìwé tí wọ́n fi ra awọ, ó sì mú igi ẹsẹ̀ ọmọdé kan lọ́wọ́, ó ń wò ó bí ẹni tó rí ohun ìyanu. Lẹ́yìn ìyẹn ló tẹ òǹtẹ̀ mọ́ ìwé orísun ọjà, ìwé tó jẹ́rìí pé níbí gan-an ni wọ́n ti ṣe bàtà náà.

Ọgọ́fà bàtà ló dì sínú páálí fún Ìyá Aláṣọ, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí àwọn ọmọ wọlé. Àbúrò rẹ̀ gbé e nínú ọkọ̀ rẹ̀. Wọ́n kọjá lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè tiwọn láìsí ìjà. Ọ̀dọ̀ tòdìkejì ni ọ̀rọ̀ ti yíwọ́.

Gbọ̀ngàn gígùn kan ni, ó ní tábìlì kan tó ga dé àyà ènìyàn, etí rẹ̀ ti họ níbi tí gbogbo ayé ti ń gbé ọwọ́ lé e. Àwọn ọlọ́jà tò sórí ìlà. Ọ̀gá tó wà lẹ́yìn tábìlì kò lè dàgbà ju àkọ́bí Ìyá Oníbàtà lọ, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ gún régé, ìlà ayọ́ọ̀nù rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ. Ó ka ìwé orísun ọjà náà, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí. Ó wá mú bàtà kan, ó dojú rẹ̀ dé, ó fi èékánná kan lẹ́tà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Ìyá, kí lèyí? Orúkọ ìlú òkè òkun ló wà nídìí ẹ̀."

"Sóòlù nìyẹn, ọ̀gá. Kì í ṣe bàtà."

"Ṣé bàtà kan wà tí kò ní sóòlù ni?"

"Kò sí. Ṣé ènìyàn kan wà tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀? Kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan là ń pè ní ènìyàn."

Àwọn tó wà lórí ìlà rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló sì ba ọ̀rọ̀ jẹ́, nítorí kò sí ọ̀gá tó fẹ́ kí wọ́n fi òun rẹ́rìn-ín níwájú tábìlì òun. Ó ní bàtà àjèjì ni, gbogbo owó ẹnubodè rẹ̀ ni yóò san, tàbí kó gbé e padà. Àbúrò rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó sọ ọ́ sí i létí pé kí wọ́n wá nǹkan fún ọkùnrin náà kí wọ́n máa lọ. Ìyá Oníbàtà dá a lóhùn ní ohùn tí gbogbo ènìyàn gbọ́, pé òun kò ní nǹkan kan láti fún ẹnikẹ́ni. Ó wá kọjú sí ọ̀gá.

"Bí ẹ bá kọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ kọ̀. Ẹ kọ orúkọ yín àti òfin tẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Èmi á sì gbé bàtà mi padà."

Ọ̀gá ní òun kì í kọ ìwé fún ọlọ́jà. Ìyá Oníbàtà ní kò burú, òun á dúró di ìgbà tó bá kọ ọ́. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n pe ẹni tó kàn, wọ́n pe ẹni tó tún kàn. Obìnrin kan tó kó agbọ̀n wá san tirẹ̀, ó sì fojú aánú wò ó. Ọkùnrin kan ní àwọn àgbàlagbà kan ò mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n gba kámú.  Ìgbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà ni Ìyá Oníbàtà tó dìde, ó sì kí wọn pé ó dàárọ̀.

Ó dàárọ̀ lóòótọ́, nítorí òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ti lọ mú ọ̀bẹ rẹ̀ nínú ọkọ̀ àti irin ẹlẹ́nu ṣóṣóró tó fi ń dá awọ lu. Ó mú bàtà kan láti inú páálí, bàtà tuntun, ó gbé e lé orí tábìlì, ó sì ti ọ̀bẹ bọ ojú ibi tí wọ́n ti rán an. Àbúrò rẹ̀ pa ojú dé. Àwọn obìnrin méjèèjì tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti lo ọ̀sán kan gbáko lórí bàtà yẹn.

Sóòlù ló kọ́kọ́ já kúrò. Ó gbé e sí apá òsì tábìlì. "Èyí wá láti òkè òkun. N kò sọ pé kò wá."

Ó tú òwú jáde, ó tú aṣọ inú, ó tú okùn, ó ń dárúkọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá bó ṣe ń tò wọ́n sí apá ọ̀tún.  Àwọn tó wà lẹ́yìn ń na ọrùn. Ohun tó ṣẹ́ kù ni awọ, èyí tó pọ̀ jù, tó sì wọ́n jù. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, ó fi ọwọ́ nà án, ó sì yí inú rẹ̀ síta. Òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ tó ṣe awọ náà wà níbẹ̀, ó ṣì hàn kedere.

"Ẹ ka ìyẹn fún mi, ọ̀gá."

Ọ̀gá wò ó. Kò kà á.

"Ìlú yín ni," ni Ìyá Oníbàtà wí. "Ìrìn ìdajì ọjọ́ sí ibi tẹ́ ẹ dúró sí. Màlúù yín ni wọ́n bó. Ìyá Aláṣọ ló mú mi mọ̀ wọ́n, ọdọọdún ni mò ń rà á lọ́wọ́ wọn. Bí ẹ bá ní àjèjì ni bàtà yìí, ẹ jẹ́ ká jọ lọ sọ fún màlúù yín pé àjèjì ni òun náà."

Lọ́tẹ̀ yìí kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá fọwọ́ nu ojú. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ó ní òfin tí Màmá ń sọ yẹn kò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn.

"Ó ti dé," ni Ìyá Oníbàtà wí. "Èmi ni mo gbé e wá."

Ìbínú ló mú ọkùnrin náà fa pẹ́ẹ̀nì yọ. Ó kọ ọ́ pé òun, ọ̀gá ẹnubodè, kò gba bàtà náà wọlé gẹ́gẹ́ bí ọjà aládùúgbò nítorí pé sóòlù rẹ̀ wá láti òkè òkun. Bóyá ó rò pé ìwé á bà á lẹ́rù ni. Ìyá Oníbàtà kà á dópin, ó ní ọjọ́ kò sí níbẹ̀. Ó kọ ọjọ́. Ó ní òǹtẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó gbá òǹtẹ̀ mọ́ ọn débi pé tábìlì mì. Ìyá Oníbàtà dúpẹ́, ó kó bàtà tó tú sínú ìborùn rẹ̀, ó sì ní kí àbúrò òun yí ọkọ̀ padà.

Àbúrò rẹ̀ fi ìbínú wakọ̀ náà títí wọ́n fi délé.

Inú akọ̀wé dùn gan-an nígbà tó rí ìwé náà. Ó ní ojoojúmọ́ làwọn ọlọ́jà ń sunkún wá sọ́dọ̀ àwọn, ṣùgbọ́n ẹnu lásán ni, ẹnì kan kò tíì mú ìwé olóǹtẹ̀ wá rí tó sọ pé wọn kò gba ọjà rẹ̀ wọlé. Ìgbìmọ̀ kan wà tí àwọn orílẹ̀-èdè márùn-ún jọ gbé kalẹ̀ fún irú ẹjọ́ yìí, kò sì ríṣẹ́ ṣe nítorí pé kò sí ẹni tó ní ẹ̀rí. Ó fi ìwé náà ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, méjì kọjá, ó di mẹ́ta. Àwọn ọmọ wọlé ní òdìkejì. Ìyá Aláṣọ ránṣẹ́ pé kó má bínú, òun kò lè ní kí àwọn ọmọ máa fi ẹsẹ̀ lásán lọ sílé-ìwé, òun ti ra bàtà òkè òkun. Páálí tò sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́, kò sí àyè láti na ẹsẹ̀. Ó ní kí àwọn obìnrin méjèèjì lọ simi nílé fún ìgbà díẹ̀, ó sì rí i lójú wọn pé wọ́n mọ ohun tí ìsinmi yẹn túmọ̀ sí. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, ó jókòó sídìí tábìlì, ó sì sunkún, lẹ́ẹ̀kan, kò pẹ́. Ẹnì kan kọjá lójú fèrèsé, ó kí i, òun náà sì dá a lóhùn bí ẹni pé gọ́ọ̀mù ló ta sí òun lójú.

Ọ̀sẹ̀ keje ni èsì dé. Ìwé náà kò gùn. Ó ní ọ̀gá ẹnubodè ṣìnà. Bàtà náà kì í ṣe àjèjì. Kí wọ́n gbà á wọlé láìgba ohunkóhun.

Nígbà tí Ìyá Oníbàtà padà dé ẹnubodè, ọkùnrin kan náà ló bá lẹ́yìn tábìlì. Ó ka ìwé náà, ó tẹ òǹtẹ̀, ó ní kí wọ́n máa lọ. Kò bẹ̀bẹ̀, Ìyá Oníbàtà kò sì retí pé kó bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì kúrò níwájú rẹ̀. Ó fi ẹ̀dà ìwé náà kan lé e lọ́wọ́, ó ní kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má bàa máa fi ọ̀bẹ tú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀gá ní òun á wò ó. Nígbà tí Ìyá Oníbàtà tún kọjá níbẹ̀ lóṣù kejì, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ilẹ̀kùn àbájáde ni, níbi tí ẹni tó ti sanwó tán nìkan ti lè rí i. Ó já a kúrò, ó sì lẹ̀ ẹ́ sí ẹnu ọ̀nà àbáwọlé fúnra rẹ̀. Wọ́n wò ó. Ẹnikẹ́ni kò dá a dúró.

Ogójì bàtà péré ni Ìyá Aláṣọ lè gbà nínú ọgọ́fà náà. Ìyá Oníbàtà wá àtẹ kan ní ọjà wọn lọ́hùn-ún, ó to yòókù lé e, ó sì dúró tì í. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọkùnrin tó ń ṣe sálúbàtà, aláwàdà ènìyàn, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó bi í pé báwo ló ṣe gbé bàtà kọjá. Ìyá Oníbàtà sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọkùnrin náà kò ṣàwàdà mọ́. Ó ní kó kọ orúkọ fọ́ọ̀mù náà sílẹ̀ fún òun.

Oṣù kẹrin lẹ́yìn ìyẹn, Onísálúbàtà dé sí ọjà ìlú Ìyá Oníbàtà pẹ̀lú ẹrù sálúbàtà ńlá kan àti ìwé olóǹtẹ̀ tirẹ̀ lọ́wọ́. Sálúbàtà rẹ̀ lẹ́wà, kò sì wọ́n. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ènìyàn ti ń wá a kiri. Ni ẹgbẹ́ oníbàtà bá pe ìpàdé ní yàrá ìkẹ́rù alága wọn. Alága yìí, ọ̀dọ̀ bàbá Ìyá Oníbàtà ló ti kọ́ṣẹ́, bí ẹ̀gbọ́n ló sì ṣe jẹ́ sí i. Wọ́n ti fẹnu kò kí Ìyá Oníbàtà tó dé pé wọn yóò lọ da àtẹ ọkùnrin náà nù lọ́jọ́ ọjà, kó lè mọ̀nà ilé rẹ̀. Òun ni wọ́n fẹ́ kó ṣíwájú, nítorí tirẹ̀ ni ọkùnrin náà fi mọ ọ̀nà.

"Ìwọ lo ṣílẹ̀kùn," ni Alága wí. "Ìwọ náà ni kó o lọ tì í."

Ìyá Oníbàtà gbọ́ wọn tán. Òun náà ń ṣe sálúbàtà díẹ̀ fún àwọn ará ilé, ẹyọ kan kò sì tà láti ìgbà tí ọkùnrin náà ti dé. Ó dùn ún, kò sì fi pamọ́ fún wọn pé ó dun òun.

"Ẹ̀gbọ́n Alága, n kò jókòó ọjọ́ méjì ní ẹnubodè kí n lè jáde kí ẹlòmíràn má lè wọlé," ló wí. "Bí bàtà mi kì í bá ṣe àjèjì lọ́hùn-ún, sálúbàtà tiẹ̀ kì í ṣe àjèjì níbí. Ohun tí mo gbà lọ́wọ́ aṣọ́bodè, n kò ní fi du ọmọ ẹlòmíràn."

Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní kó rántí pé ọmọ ta ló jẹ́. Ó ní òun rántí. Ọmọ oníbàtà lòun, kì í ṣe ọmọ ẹni tó ń da àtẹ nù. Alága ní ṣé kí ebi wá pa àwọn nítorí òfin ni. Ìyá Oníbàtà ní Ẹ̀gbọ́n Alága ló kọ́ òun ní ọ̀nà rírán bàtà lójú méjì tí omi kì í wọ̀, ọ̀nà tí gbogbo wọn ti pa tì nítorí pé ó ń gba àkókò. Kí wọ́n padà sídìí rẹ̀, kí wọ́n sì wá gba fọ́ọ̀mù, orílẹ̀-èdè mẹ́rin ló ń dúró de bàtà. Ó dìde, ó gbọn ìborùn rẹ̀.

"Ẹni tó bá fẹ́ da àtẹ ọkùnrin yẹn nù, kó kọ́kọ́ da tèmi. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni màá wà."

Lọ́jọ́ ọjà, ó gbé àtẹ tó fi ń ta bàtà lọ́jà kúrò níbi tó ti wà láti ọdún mọ́kàndínlógún, ó gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ Onísálúbàtà. Àwọn ọkùnrin márùn-ún láti inú ẹgbẹ́ wá láàárọ̀, wọ́n dúró sí òdìkejì ọ̀nà, wọ́n ń wò wọ́n. Ó kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó béèrè àwọn ìyàwó wọn, ó sì ń bá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, wọ́n ti túká.

Ẹni méjì nínú àwọn márùn-ún yẹn ti gba fọ́ọ̀mù báyìí. Àwọn obìnrin méjèèjì ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹnì kẹta sì ti dara pọ̀ mọ́ wọn. Alága kò tíì máa bá a sọ̀rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ní ti sálúbàtà, Ìyá Oníbàtà ti fi sílẹ̀, kò lè bá ọkùnrin yẹn dù ú. Bí onítọ̀hún bá ń fi ohùn òdìkejì rẹ̀ polówó ọjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí àwọn oníbàárà ń rọ́ gba iwájú bàtà tirẹ̀ kọjá, inú máa ń bí i díẹ̀, á sì máa fa òwú le ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ni àjèjì yìí ń ṣe níbí, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń fún un: àjèjì wo?